Ẹ Jẹ́ Kí Ìyá Tẹjú Sọ̀rọ̀ Tán

Bí òjò bá ṣú nílé wa ní Jákáńdè, ní Ìsọlọ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ló máa pariwo. "Òjò dé o! Ẹ kóṣọ o!" Ẹni tó ń sùn á jí, ẹni tó ń jẹun á fi òkèlè sílẹ̀, gbogbo wa á sì dà sí ẹ̀yìnkùlé. A kì í wò ó pé aṣọ ta ni. Èyí tí ọwọ́ bá ti bà lórí okùn ni a ó ká. Tí a bá kó gbogbo rẹ̀ wọlé, a ó dà á sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Tẹjú nísàlẹ̀, oníkálukú á wá ṣa tirẹ̀.

Àṣà yìí dára. Ó ti gba ọ̀pọ̀ aṣọ là. Ṣùgbọ́n òun náà ló fa wàhálà tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ìyá Tẹjú ni alágbàfọ̀ wa. Ọmọ Ìlaròó ni. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Tẹjúmọ́lá, ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Abẹ́òkúta. Ilé mẹ́rìnlá ló ń bá fọṣọ. Ẹ̀rọ omi kan àti okùn mẹ́rin tó wà ní ẹ̀yìnkùlé ni ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀kùn irin ni a ń gbà débẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì jẹ́ méjì: ọ̀kan wà lọ́wọ́ Ìyá Tẹjú, èkejì wà lọ́wọ́ Aláàgbà Ọlálérè, alága ilé wa. Ìyá Tẹjú ló máa ń ṣí i láàárọ̀, á sì wà ní ṣíṣí títí di alẹ́.

Láti ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n, Ìyá Tẹjú kò gbé aṣọ ẹnì kan fún ẹlòmíràn rí. Ó ní bó ṣe ń ṣe é. Ní ẹ̀yìn ọrùn aṣọ, nínú, níbi tí ojú kì í dé, ó máa ń fi òwú ta kókó kéékèèké. Òwú búlúù, kókó mẹ́ta, ni ti Aláàgbà. Òwú aláwọ̀ ewé, kókó méjì, ni ti Àlájì Sàláúdéènì tó ń gbé lókè pátápátá. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní Ìlaròó, òun náà ló sì kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe fi han oníbàárà, torí àwọn kan á ní oògùn ni. Nítorí náà, nínú gbogbo wa, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Aláàgbà Ọlálérè àti Ìyá Tẹjú jọ ń lọ sí ìjọ aláṣọ funfun kan ní Òkè-Àfá. Ní oṣù kẹfà tó kọjá, ìjọ fẹ́ fi òróró yan Aláàgbà sí ipò tó ga sí i. Ó rán sùtánà tuntun sílẹ̀ de ọjọ́ náà. Aṣọ náà funfun báláú, ó gùn dé kókósẹ̀. Kò tíì ní ìgbànú, kò tíì ní àgbélébùú lára, nítorí ọjọ́ tí wọ́n bá da òróró gan-an ni wọ́n máa ń fi ìyẹn sí i. Ó gbé e fún Ìyá Tẹjú pé kó bá òun fọ̀ ọ́, kó fi sítáàṣì sí i, kó lọ̀ ọ́ kó le gbagidi.

Ní Ọjọ́bọ̀, Ìyá Tẹjú ta kókó òwú sí ọrùn rẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó sá a, ó sì gba Òkòtà lọ láti ra sítáàṣì. Ibẹ̀ ni òjò ti ká a mọ́. Nígbà tó fi máa dé, wọ́n ti kó aṣọ wọlé. Ó yẹ ẹ̀yìn ọrùn wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan lórí bẹ́ǹṣì. Sùtánà Aláàgbà kò sí níbẹ̀.

Ó wọlé, ó jáde. Ó béèrè lọ́wọ́ gbogbo wa. Lateefah, ọmọ Àlájì, ló kó aṣọ jù lọ́jọ́ náà. Ó wá kí bàbá rẹ̀ ni, ó sì ti padà sílé ọkọ rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n pè é lórí fóònù. Ó ní òun ò rí sùtánà kankan, jalamíà bàbá òun nìkan ni òun ká gbé lọ sókè. Àlájì pàápàá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rẹ́rìn-ín. "Sùtánà? Nínú kọ́bọ́ọ̀dù tèmi? Ìyá Tẹjú, jalamíà ló kúnbẹ̀ o."

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ní ìrọ̀lẹ́, Aláàgbà pe ìpàdé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀.

"Mo ti gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ yìí," ló wí, "a sì fi ìran hàn mí. Ọwọ́ kan ni mo rí. Ọwọ́ tó tutù. Omi ń kán lára rẹ̀, tó, tó, tó. Ọwọ́ yẹn ló mú sùtánà mi."

Gbogbo ojú lọ sí ọwọ́ Ìyá Tẹjú. Ìka rẹ̀ hunjọ bí ti ẹni tó ti pẹ́ nínú omi.

"Ta lọwọ́ rẹ̀ máa ń tutù lójoojúmọ́ nínú ilé yìí?" Aláàgbà béèrè.

"Aláàgbà, ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ tí òjò rọ̀..."

"Ẹ panu mọ́ ná."

"Mo lọ sí Òkòtà..."

"Mo ní ẹ panu mọ́! Ẹ̀mí ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà ń sọ̀rọ̀?"

Àlájì Sàláúdéènì da sí i. "Aláàgbà, ẹ jẹ́ kí obìnrin yìí sọ̀rọ̀ tán."

"Àlájì, ọ̀rọ̀ sùtánà lèyí. Kò kan mọ́ṣáláṣí."

Èmi náà wà níbẹ̀. Mi ò sọ nǹkan kan, ìka ẹsẹ̀ mi ni mò ń wò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Ìyá Tẹjú. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ dé ìdí ẹ̀rọ mọ́, kò gbọdọ̀ sá nǹkan kan sórí okùn mọ́, àfi tó bá gbé sùtánà wá. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ pọnmi ní láti lọ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Aláàgbà.

Ohun tí Ìyá Tẹjú ṣe ní ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà, ẹ̀rín ló sì fi ń sọ ọ́. Aago méjìlá ọ̀sán lù. Nínú ìjọ wọn, wọ́n máa ń gbàdúrà ní aago méjìlá, ṣùgbọ́n ìdí báàfù ló sábà máa ń bá a, á kàn sọ̀rọ̀ díẹ̀ sínú ọṣẹ ni. Lọ́jọ́ yìí, ọwọ́ rẹ̀ gbẹ. Kò ní iṣẹ́ kankan. Ó kúnlẹ̀ nínú kíṣínì, láàárín àpò ìrẹsì àti dúrọ́ọ̀mù omi.

"Bàbá," ló wí, "mo wá fẹjọ́ sùn. Ẹ mú bírò yín, torí ọ̀rọ̀ náà gùn."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀. Ó sọ iye ìgbà tó fi omi ṣan sùtánà náà. Ó sọ nípa sítáàṣì, bí oníṣọ́ọ̀bù ṣe fẹ́ kọ́kọ́ fún un ní èyí tó ti dì, tí òun sì kọ̀ ọ́. Ó sọ nípa oníbúrẹ́dì tí òun yà sábẹ́ òrùlé rẹ̀ nígbà tí òjò dé. Nígbà tó dé orí ìpàdé, ó fi ohùn Aláàgbà sọ ọ̀rọ̀ Aláàgbà. Bó ṣe dé ibi tí wọ́n ti ní kó panu mọ́, òun náà kàn dákẹ́ lójijì, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n tún sọ ọ́.

Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Fíríìjì nìkan ló ń kùn.

Ló bá ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó sọ gbogbo ohun tó fẹ́ sọ lọ́jọ́ Ajé. Ó sọ èyí tí kò rántí lọ́jọ́ náà. Ó sọ pé òun kì í ṣe olè, pé ọdún mẹ́tàlélógún ni òun ti ń fọṣọ aláṣọ, pé bọ́tìnì tó bá já lára aṣọ gan-an, òun máa ń fi abẹ́rẹ́ há a mọ́ ọn ni kó má baà sọnù. Ó sọ̀rọ̀ náà tán. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ Ajé tí ẹnì kan máa jẹ́ kí Ìyá Tẹjú sọ̀rọ̀ tán. Ẹkún bá gbọ̀n ọ́n. Ó ní ẹkún náà kò korò, pé ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá fún aṣọ tó wúwo tí omi rẹ̀ sì jáde.

Lẹ́yìn náà ló wá béèrè ohun tó fẹ́.

"Ẹ má pa Aláàgbà o, Bàbá. Ó níyàwó, ó lọ́mọ. Eyín kan ṣoṣo ni kí ẹ bá mi mú lẹ́nu rẹ̀. Èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá. Kó kàn máa dùn ún. Ọjọ́ mẹ́ta tó."

Ó fẹ́ ṣe àmín ni, ṣùgbọ́n ó rántí nǹkan kan. Nígbà tí àìsàn dá ọkọ rẹ̀ wó, tí wọn ò rí ọkọ̀, Aláàgbà yìí kan náà ló pọ̀n ọ́n lẹ́yìn láti ilé dé títì. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ń bọ̀ lọ́jọ́ náà. Gbogbo iwájú sùtánà rẹ̀ ló ya. Ìyá Tẹjú ro èyí náà fún Ọlọ́run, nítorí ẹni tó ń fẹjọ́ sùn kò gbọdọ̀ fi apá kan pamọ́. Nígbà tó rò ó tán, ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ fi eyín yẹn sílẹ̀ ná," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká máa wò ó."

Ó dìde, ó jẹ ẹ̀wà tó kù láti àná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

Ẹ má rò pé ara kò ta á. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ilé mẹ́wàá nínú mẹ́rìnlá ti gba aṣọ wọn. Àwọn kan tiẹ̀ rán ọmọ wá gbà á, kí wọ́n má baà rí ojú rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ní kó lọ jókòó sẹ́yìn nínú ìjọ, wọ́n sì gba aṣọ pẹpẹ tó máa ń fọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn. Nígbà tí Tẹjúmọ́lá pè é láti Abẹ́òkúta, ó ní gbogbo nǹkan dára, ó sì fi fóònù sílẹ̀ kíá kí ohùn rẹ̀ má baà tú àṣírí.

Ṣùgbọ́n tí aago méjìlá bá ti lù, á kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹjọ́ náà máa ń gùn. Lọ́jọ́ mìíràn, "Bàbá, ti àná náà ni" ló máa kàn sọ, á sì kúnlẹ̀ síbẹ̀ láìsọ nǹkan mìíràn. Ó ní òun ò gbọ́ ohùn kankan, òun ò rí ìran. Ohun tí òun kàn rí ni pé nígbà tí òun bá dìde, ẹrù náà kì í wúwo tó bó ṣe wúwo nígbà tí òun kúnlẹ̀. Orin náà kò sì dáwọ́ dúró.

Ọ̀rọ̀ orin yìí kò yé Ìyá Diamond, ìyàwó Aláàgbà. Ó dá a dúró lórí àtẹ̀gùn.

"Ìyá Tẹjú, ẹ̀ ń kọrin?"

"Mò ń kọrin, Ìyá Diamond."

"Ẹ̀yin tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín?"

"Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n gbà. Wọn ò gba ohùn."

Ìyá Diamond fẹ́ fajú ro, ẹ̀rín sì fẹ́ gbà á lẹ́nu. "Wọ́n ń sọ ọ́ kiri pé ẹ ti lọ ta sùtánà náà ní Òṣòdì."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó rà á, kó wọ̀ ọ́ jáde ká rí i."

Ó kọjá lọ. Ìyá Diamond dúró síbẹ̀ pẹ́, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó pé ọ̀sẹ̀ méjì tí òjò yẹn rọ̀, Àlájì Sàláúdéènì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àpò aṣọ ńlá kan.

"Ìyá Tẹjú, aṣọ mi ti dọ̀tí."

"Àlájì, ẹ mọ̀ pé wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́."

"Ṣé kọ́kọ́rọ́ lẹ fi ń fọṣọ ni? Mo ní omi lókè, mo ní bálíkónì. Ìyàwó mi ti gbé àga síbẹ̀ dè yín. Kí n máa gbé aṣọ mi fún àwọn tí wọ́n á fi bíríṣì fọ ọrùn rẹ̀ ya? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

Ìyá Tẹjú bá a lọ sókè. Bálíkónì náà kọjú sí géètì. Ẹnikẹ́ni tó bá ń wọlé á rí i níbẹ̀, kedere. Ó da omi, ó po ọṣẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọn jalamíà náà padà lọ́kọ̀ọ̀kan, torí inú ló máa ń kọ́kọ́ fọ̀. Òwú ewé, kókó méjì. Òwú ewé, kókó méjì. Ó mú ìkẹta.

Òwú búlúù. Kókó mẹ́ta.

Ó fi ìka kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó jókòó.

Bó ṣe gbójú sókè báyìí, Aláàgbà fúnra rẹ̀ ló ń wọ géètì bọ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ ìjọ méjì. Ìyá Tẹjú dìde. Ó ní ọwọ́ òun ti gbé aṣọ náà sókè, ẹnu òun ti là. Tó bá pariwo láti òkè yẹn, gbogbo Jákáńdè ló máa gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè lólè? Àlájì. Lẹ́yìn Àlájì, Lateefah tó wà ní Ìsẹ́yìn tí kò lè sọ tẹnu rẹ̀. Wọ́n á ti dá wọn lẹ́bi tán kí ẹnikẹ́ni tó béèrè bó ṣe jẹ́. Òun tó jẹ nínú ìyà yẹn mọ bó ṣe ń rí lẹ́nu. Ó panu dé, ó rọra gbé ọwọ́ wálẹ̀.

"Olúwa," ló wí, "ẹ fún mi ní sùúrù ọjọ́ méjì péré sí i." Ó wá pe Àlájì.

"Àlájì, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ ti ní aṣọ yìí?"

"Jalamíà yẹn? Ọmọ mi tó wà ní Sọ́ọ́dì ló fi ránṣẹ́. Òun ló ń fi gbogbo wọn ránṣẹ́, mi kì í kà wọ́n. Ṣùgbọ́n ìyẹn yàtọ̀, ó bá ara mi mu gan-an. Òun ni mo fi kí Jímọ̀ọ̀ méjì tó kọjá. Lèmọ́mù tiẹ̀ di apá rẹ̀ mú, ó ní kí n fi télọ̀ tó rán an han òun."

"Àlájì, sùtánà Aláàgbà ni."

Àlájì wo aṣọ náà. Ó wo Ìyá Tẹjú. "Sùbúhánálláhì!" Ó di ògiri mú. "Jímọ̀ọ̀ méjì!"

Ìyá Tẹjú fi kókó òwú náà hàn án, ó fi ti Àlájì fúnra rẹ̀ náà hàn án. Àlájì fà sẹ́yìn díẹ̀. "Ṣé kì í ṣe oògùn?"

"Òwú lásán ni, Àlájì."

Wọ́n pe Lateefah. Bàbá rẹ̀ gbé ohùn fóònù náà sókè kí Ìyá Tẹjú lè gbọ́.

"Ṣebí wọ́n bi ọ́ lọ́jọ́ yẹn! O ní o ò rí i!"

"Bàbá, sùtánà ni wọ́n ní kí n wá. Èmi ò rí sùtánà. Ohun tí mo rí funfun, ó gùn, kò ní kọ́là. Kí lẹ fẹ́ kí n pè é?" Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ wọ̀ ọ́?"

Àlájì pa fóònù náà. Ó fẹ́ kí àwọn sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Aláàgbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Tẹjú kọ̀. "Mi ò lè dá aṣọ oníbàárà padà ní dídọ̀tí, Àlájì. Ẹ jẹ́ n fọ̀ ọ́." Ó sì fọ̀ ọ́. Ó fi búlúù ìfọṣọ sínú omi rẹ̀ kó lè funfun sí i. Ó fi sítáàṣì Òkòtà yẹn gan-an sí i. Ó lọ̀ ọ́ títí igun rẹ̀ fi lè gé ọwọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Àlájì ló pe ìpàdé. Ọ̀la ni wọ́n máa da òróró lé Aláàgbà lórí, inú rẹ̀ kò sì dùn, torí ó ti lọ yá sùtánà tó kúrú. Gbogbo wa pé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àlájì gbé aṣọ funfun méjì tí wọ́n ká bákan náà sórí bẹ́ǹṣì. Ìyá Tẹjú wò ó tìyanu-tìyanu. Àlájì kò sọ èyí fún un.

"Aláàgbà," Àlájì wí, "a ti rí sùtánà yín. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni. Ẹ mú un."

Aláàgbà rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ̀ ń dán mi wò ni? Bí ẹ bá di ojú mi, màá mọ̀ ọ́n. Aṣọ tí a ti gbàdúrà sí lára!" Ó fọwọ́ kan àkọ́kọ́. Ó fọwọ́ kan èkejì. Ó gbé èkejì sí imú, ó fa òórùn rẹ̀, ó sì gbé e sókè kí gbogbo wa rí i. "Òun rèé! Gbogbo ara mi ló ń sọ ọ́ fún mi."

"Ìyá Tẹjú," Àlájì wí, "ẹ yẹ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ wò fún wa."

Mo rí i pé kò wù ú. Ó sún mọ́ ibẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ó yí ọrùn aṣọ náà padà. "Òwú ewé, kókó méjì," ló wí. "Jalamíà Àlájì ni." Ó yí ti èkejì. "Òwú búlúù, kókó mẹ́ta. Tiyín nìyí, Aláàgbà."

Ó wá ṣàlàyé àmì náà fún wa, ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ àti gbogbo rẹ̀. Ni gbogbo wa bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọrùn aṣọ ara wa. Èmi rí kókó pupa kan nínú bùbá mi. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń wọ̀ ọ́, mi ò mọ̀ pé ẹnì kan ti sàmì sí mi kí n má baà sọnù. Àlájì ròyìn Lateefah àti òjò, ó sì jẹ́wọ́ Jímọ̀ọ̀ méjì fúnra rẹ̀. Ẹ̀rín gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Ẹnì kan tiẹ̀ béèrè bóyá àdúrà náà gbà.

"Ó gbà," Àlájì dáhùn. "Ṣebí ẹ rí i pé a rí aṣọ."

Aláàgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ ló bi í ní ìbéèrè tó wà lọ́kàn gbogbo wa.

"Bàbá Diamond, ọwọ́ tutù tí ẹ rí yẹn ńkọ́?"

Aláàgbà jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Inú ló ń bí mi," ló wí. "Mò ń wá ẹni tí màá dì í lé lórí. Mo rò ó títí mo fi rí i, mo bá pè é ní ìran." Ó gbójú sókè. "Lọ́la, kí wọ́n tó da òróró sí mi lórí, màá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ níwájú ìjọ. Ìyá Tẹjú, ẹ dárí jì mí. Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sọ ọ́ tán."

Gbogbo wa kọjú sí i. Àní Àlájì gan-an dúró dè é. Ìyá Tẹjú dìde, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó ní òun wá ọ̀rọ̀ gígùn yẹn títí nínú ara òun, òun ò rí i mọ́. Ó ti rò ó tán níbòmíràn.

"Lọ́jọ́ tí òjò rọ̀," ló wí, "mo lọ ra sítáàṣì ní Òkòtà." Ó ronú díẹ̀. "Ìyẹn náà ni. Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ mi, oòrùn ń lọ."

Aláàgbà fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

Èmi tẹ̀lé e dé ìdí ẹ̀rọ. Mo ní, "Ìyá Tẹjú, ẹ dárí ji èmi náà. Mo wà níbẹ̀, mo sì dákẹ́." Ó ní kí n bá òun di etí báàfù kan mú, à ń gbé e lọ sábẹ́ okùn. Bí a ṣe gbé e kalẹ̀ ló gbá mi léjìká. "Ẹ lọ gbé aṣọ yín wá," ló wí. "Bùbá yẹn ti dọ̀tí."

Ó kù díẹ̀ kí aago méjìlá lù nígbà tí Aláàgbà jáde wá sí ẹ̀yìnkùlé. Ó fi ọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Tẹjú."

"Ẹ ṣé o, Aláàgbà. Kí ló ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín?"

"Eyín ni. Àná ló bẹ̀rẹ̀. Èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá. Mi ò lè jẹun, mi ò lè kọrin, bẹ́ẹ̀ lọ́la ni wọ́n fẹ́ gbé mi jáde." Ó wolẹ̀. "Mi ò lẹ́nu láti bẹ̀ yín, ṣùgbọ́n mo wá bẹ̀ yín. Ẹ bá mi gbàdúrà."

Ọṣẹ bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Tẹjú. Ó gbójú sókè ọ̀run.

"Bàbá! Ṣebí mo ní kí ẹ fi í sílẹ̀!"

"Kí lẹ wí?"

"Kò sí nǹkan kan, Aláàgbà. Ẹ kúnlẹ̀."

Aláàgbà kúnlẹ̀ sórí símẹ́ǹtì tútù níbẹ̀, lábẹ́ okùn aṣọ. Ìyá Tẹjú náà kúnlẹ̀. Kò ráyè nu ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé e lé Aláàgbà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀, ó tutù, omi sì ń kán lára rẹ̀, tó, tó, tó.